Ìgbóná Tí Kì Í Padà

Ẹyin tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí èyí tí í tún ara rẹ̀ kó jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé kalẹ̀ ń tutù, tí kì í sì í gba ìgbóná rẹ̀ padà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Kí ló fà á?

Sadi Carnot, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde ní 1824 lórí agbára iná. Ó ní ìgbóná kò lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ àfi bí ó bá ń lọ láti ibi gbígbóná sí ibi tútù, bí omi tí ń já bọ́ láti òkè ṣe ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá mọ̀ pé apá kan ìgbóná náà kò ní di iṣẹ́ láé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ibi gbígbóná bá jẹ́ 100 lórí ìwọ̀n Celsius, tí ibi tútù jẹ́ 20, ẹ̀rọ tí kò lábùkù kankan kò lè sọ ju nǹkan bí 21 di iṣẹ́ nínú ìgbóná 100 tó gbà. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa rọra lọ tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní parí láé. Ẹ̀rọ tiwa tí ń kánjú kò lè ṣe tó o. Ní 1865, Rudolf Clausius ará Jámánì pe ìwọ̀n òfò yìí ní ẹ́ńtírọ́pì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: òfin ìrìn nǹkan tí Newton tẹ̀ jáde ní 1687 kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Josef Loschmidt bèèrè ní 1876 pé, bí ègé kéékèèké inú nǹkan bá lè padà sẹ́yìn, kí ló dé tí ìgbóná kò lè padà? Ludwig Boltzmann dá a lóhùn ní 1877. Ẹ da ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa sínú igbá kan, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má pínyà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dàpọ̀ pọ̀ ju ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pínyà lọ jìnnàjìnnà.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù fún àwọn onímọ̀: ta ló kọ́kọ́ ṣa ẹ̀wà ayé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi ní nǹkan tí yóò dàpọ̀? Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ má gbàgbé pé epo tí a bá sun lónìí kò ní padà wá ṣiṣẹ́ lọ́la.