Ẹni Tó Ń Kó Lọ sí Èkó: Kó Gba Ilé ni àbí Kó Ra Ilé?

Bí iṣẹ́ bá gbé èèyàn kúrò ní Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin lọ sí Èkó, ibi tí yóò máa sùn ni ìṣòro àkọ́kọ́. Kó gba ilé lọ́wọ́ onílé ni, àbí kó ra tirẹ̀? Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ìṣirò owó ló sábà máa ń parí àríyànjiyàn yìí, nítorí báńkì ló ń yá èèyàn lówó ilé, tí yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 25 tàbí 30. L'Ékòó, ọ̀rọ̀ kò mọ sórí owó. Ẹni tó ra ilé l'Ékòó, ilẹ̀ ló rà. Ilẹ̀ ní ẹbí tó ni ín, ó ní ìwé, ó sì ní ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá lórí rẹ̀ bí òjò bá dé. Àlejò kò mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ilé gbígbà náà ní ìnáwó tí àlejò kì í retí. Iye tí ejẹ́ǹtì bá pè kọ́ ni iye tí èèyàn yóò san. Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Ògbà jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà lọ́dún. Ejẹ́ǹtì yóò gba kọmíṣọ̀n, lọ́yà yóò gba owó àgírímẹ́ǹtì, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń gbà. Owó kọ́ṣọ̀n tún wà, èyí tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Kí kọ́kọ́rọ́ tó tẹ èèyàn lọ́wọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 náírà ti lọ, láìtíì ka owó ọkọ̀ tó kó ẹrù. Lọ́dún kejì, ó yẹ kó ku owó ilé nìkan.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilé gbígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 owó ìtanràn tàbí kó lo oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin náà kò yọ ayálégbé sílẹ̀: ẹni tó gbé owó ọdún méjì kalẹ̀ jẹ̀bi bíi ẹni tó gbà á. Síbẹ̀, owó ọdún méjì ni onílé púpọ̀ ń bèèrè, ẹni tí kò bá ní in, wọ́n á ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé. Òfin náà kò sì kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island rárá.

Ní ti kúìtì, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lé e, lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò tẹ̀ lé e, kí onílé tó lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí àgírímẹ́ǹtì tí òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù bá ti dárúkọ oṣù tó kéré sí ìyẹn, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n yóò tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí èèyàn máa buwọ́ lùwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ejẹ́ǹtì. Kẹ́ni tó ń wá ilé tí kò wọ́n púpọ̀ ní Àrẹ̀pò, Mágbòrò, Ìbàfò tàbí Mọ̀wé sì rántí pé ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ara wọn. Òfin Èkó kò dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rà ńkọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí owó yóò ti wá. NHF tí òṣìṣẹ́ ń rí lórí ìwé owó oṣù rẹ̀ ni owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1992, 2.5% owó oṣù ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń dá a lè yá owó ilé nípasẹ̀ Federal Mortgage Bank, kó sì san án fún ìwọ̀n ọdún 30, èlé rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti báńkì lásán. Báńkì lásán ni kí èèyàn má tilẹ̀ dárúkọ: ní oṣù kọkànlá 2024, 27.5% ni Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ sí, èlé tí báńkì wá ń gbà lọ́wọ́ aráàlú sì sábà máa ń ga ju ìyẹn lọ. Owó NHF pàápàá, ilé tí ìwé rẹ̀ pé ni wọ́n ń yáni lé lórí, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ ní iye tí apá òṣìṣẹ́ ká. Nítorí náà, owó ọwọ́, owó àjọ, owó alájẹṣẹ́kù àti owó tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ fi ń ra ilé.

Ká tún wo fúláàtì Ògbà yẹn. Ká ní mílíọ̀nù 50 ni wọ́n ń ta irú rẹ̀. Bí owó ilé bá dúró sí mílíọ̀nù kan àbọ̀, ọdún 33 ni yóò gbà kí owó tí ayálégbé san tó tó owó tí wọ́n ń ta ilé. Ṣùgbọ́n owó ilé kì í dúró. Bí onílé bá ń fi 15% lé e lọ́dọọdún, ọdún 13 péré ni. Ìṣirò yìí ló yẹ kí èèyàn fi sọ́kàn: ẹni tí ọ̀gá lè tún gbé lọ sí Abuja tàbí Port Harcourt láàárín ọdún mẹ́ta kò ní ìdí láti rà, nítorí owó lọ́yà, owó ejẹ́ǹtì àti owó ìwé tó ná nígbà tó rà kò ní padà wálé bó bá ń kánjú tà. Ẹni tó ń rò ó pé òun yóò tọ́ ọmọ dàgbà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Òótọ́ kan sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tirẹ̀: náírà tó ń dúró de ilé ní báńkì ń yọ́ bí òrí tí wọ́n sá sóòrùn. Ìbẹ̀rù èyí ló ń mú kí àlejò sáré rà, ibẹ̀ ló sì ti ń kó sí wàhálà.

Wàhálà náà wà lára ògiri fún ẹni tó bá lè kàwé. Láti Agége títí dé Sùúrùlérè, ọ̀dà pupa tàbí dúdú ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ilé, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí olùrà ṣọ́ra fún 419. Onílé kò kọ ọ́ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọmọ lè ta ilé bàbá tó wà lókè òkun, ayálégbé lè ta ilé tó ń gbé, àbúrò sì lè ta ilé ogún láì jẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń tà á fún ni àlejò, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ tí yóò bi léèrè.

Lábẹ́ àṣà tí ilé ẹjọ́ ń tẹ̀ lé, olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló gbọdọ̀ jọ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ ẹbí tó lè di títà. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn tó kù lè ní kí ilé ẹjọ́ tú u ká. Bí àwọn tó kù bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò tilẹ̀ dúró rárá. Lórí èyí ni òfin ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, 1978 tún gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ àtigbé lórí ilẹ̀ ni C of O, ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń buwọ́ lù, ń fúnni, ọdún 99 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Ẹni tó ra ilé tó ti ní C of O gbọdọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí òfin tó ka ilé náà sí tirẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ kan sì wà tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ abúlé, tó wá dá apá kan padà fún wọn, tó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọba. Apá tí ìjọba dá padà ṣeé rà. Èyí tí ìjọba dì mú fún iṣẹ́ tirẹ̀ kò ṣeé rà, bó ti wù kí ilé tó wà lórí rẹ̀ dára tó. Ọ́fíìsì Surveyor-General àti ti ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ l'Álausa ni wọ́n ti ń wádìí èyí, lọ́yà tí olùrà fúnra rẹ̀ mú wá ló sì yẹ kó lọ, kì í ṣe lọ́yà tí ejẹ́ǹtì bá a wá. Sọ́fè tí wọ́n yà tó mọ́ rekete kò tó ẹ̀rí. Sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó. Kò sọ ẹni tó ni ín.

Ìwé lè pé kí omi má gbà. Oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, ni ilé máa ń dára jù lójú ẹni tó wá wò ó. Kó wò ó ní oṣù kẹfà nígbà tí àkọ́rọ̀ bá gbóná, kó tún wò ó ní oṣù kẹwàá nígbà àrọ̀kúrò, pàápàá ní apá Lẹ́kí àti Ajah, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn kún irà kí wọ́n tó kọ́ ilé. Ẹni tí kò lè dúró títí di ìgbà yẹn, kó wo ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì. Bí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ kan bá wà lára rẹ̀, tó lọ tààrà láti igun dé igun, ibi tí omi dé ni. Bí ẹnu ọ̀nà ilé aládùúgbò bá ní búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n fi dí i nísàlẹ̀, tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá, kò sí ohun tí ejẹ́ǹtì tún lè sọ. Ìyá tó ń din àkàrà ní ìkóríta mọ̀ ju ejẹ́ǹtì lọ, kò sì ní gba kọmíṣọ̀n. Kì í ṣe Èkó nìkan: àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń pe ìjàǹbá ìkún omi odò Ògùnpa ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980 ní Omíyalé.

Ọdún kan nínú ilé gbígbà, pẹ̀lú àkọ́rọ̀ kan àti àrọ̀kúrò kan nínú rẹ̀, ló ń kọ́ àlejò ní gbogbo èyí. Yóò mọ ọ̀nà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò ti pọ̀, àti bóyá rélùwéè lè gbé e dé ibi iṣẹ́, nítorí èyí tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023, èyí tó ń lọ láti Agbádó sí Ọyìngbò sì tẹ̀ lé e ní 2024. Bí ibi iṣẹ́ bá ṣí lọ, ayálégbé lè ṣí tẹ̀ lé e. Onílé kò lè gbé ilé rù.

Ọ̀nà kẹta wà tí ìwé ìṣirò àwọn òyìnbó kì í sábà kà, òun sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń tọ̀: kí èèyàn gba ilé síbi tí iṣẹ́ wà, kó sì ní ilé síbi tó mọ̀. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí ìlú rẹ̀, ó mọ ẹbí tó ni ilẹ̀, ó sì ní ẹ̀gbọ́n tó lè dúró ti bíríkìlà. Ọdún yìí, ìpìlẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀, ó dé lẹ́ńtù. Bí owó bá tún dé, a kan òrùlé. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n owó kò yọ́ ní báńkì, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Láti 2021 tí rélùwéè oníkìlómítà 157 ti ń lọ láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ó ti rọrùn díẹ̀ láti lọ bẹ iṣẹ́ wò lọ́jọ́ Sátidé kí èèyàn sì padà. Onílé púpọ̀ ní Ìbàdàn, ayálégbé ni wọ́n l'Ékòó.