Olúmirìn Láti Ṣẹ́rẹ́ Dé Ọ̀pẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Festac Mọ̀ Kó Tó Gbéra

Kò sí òkè ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí Festac wà ní Èkó. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀sà àti odò kéékèèké ló sì yí i ká. Omi kan ṣoṣo tó ń já bọ́ láti òkè ní Festac ni ti táńkì orí ilé tí ẹnì kan gbàgbé láti pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìsinmi ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ àdúgbò a máa háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á gba Mile 2 jáde, wọ́n á kọjá Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà, ó di Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìrìn náà ju 200 kìlómítà lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà, kò sì jìnnà sí títì Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já láti ìpele dé ìpele, méje ni wọ́n kà á sí. Àwọn ará ìlú ń sọ pé Akínlà, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ ṣalábàápàdé rẹ̀ nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí kiri wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí.

Omi yìí kì í ṣe irú èyí tí ará Festac mọ̀ nílé. Àgbàrá Festac máa ń rọra wá ni. Òjò á rọ̀ títí, gọ́tà á kún, omi á dé ẹnu géètì, á sì dé àtẹ̀gùn. Onílé á ti ráyè ká kápẹ́ẹ̀tì, á ti gbé firíìjì lé búlọ́ọ̀kù. Tó bá wọlé tán, ó di àlejò tí kò fẹ́ lọ mọ́. Omi òkè kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè lápá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, kí oòrùn sì máa ràn yẹ́ẹ́ ní ìpele àkọ́kọ́ níbi tí àwọn èèyàn ti ń ya fọ́tò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tó mọ́ gaara á pọ́n bí ẹrẹ̀, ewé àti ẹ̀ka igi á máa wọ́ bọ̀ lójú rẹ̀, ìró rẹ̀ á sì yàtọ̀. Òkúta tí ẹnì kan jókòó lé lẹ́ẹ̀kan á ti rì. Ẹni tó bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àmì yìí, kó fi bàtà àti kúlà sílẹ̀, kó gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Kó má dá a láṣà pé òun fẹ́ sọdá, nítorí omi tó ń sáré tó sì dé orúnkún lásán lè gbé géńdé ọkùnrin lulẹ̀. Ẹni tí omi bá há mọ́ òdìkejì, kó dúró síbẹ̀. Bó ṣe yára kún náà ló sábà máa ń yára fà.

Ìparí Bélú sí Ṣẹ́rẹ́ ló dára jù láti lọ. Òjò ti dáwọ́ dúró, omi kò sì tíì gbẹ. Ọ̀yẹ́ á ti dé, omi á tutù bíi ti inú firísà, ètè á máa bó. Èrò ni ìṣòro ìgbà yìí. Ní ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ kejì rẹ̀ àti ọjọ́ ọdún tuntun, ẹsẹ̀ á pọ̀ lórí òkúta tútù, ẹnì kan ṣoṣo tó bá yọ̀ á sì kó mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ dání. Ní Èrèlè, omi á ti tín-ín-rín. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè dé ìpele keje láìsí wàhálà, ìgbà yẹn ni kó lọ.

Ẹrẹ̀nà àti Ìgbé ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù, àmọ́ inú wọn gan-an ni ọdún Àjíǹde máa ń bọ́ sí, tí bọ́ọ̀sì á sì kún. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá. Ìjì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀, láti ìlà-oòrùn, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, igi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú gbẹ kì í sì í lè dúró dè é. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ̀nà, 2017, ní Kintampo, orílẹ̀-èdè Gánà, igi ńlá kan wó lu àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ irú omi báyìí nígbà tí ìjì dé. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Omi kọ́ ló pa wọ́n. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú lápá ìlà-oòrùn, kí gbogbo ẹgbẹ́ kúrò lábẹ́ igi àti nínú omi, bí wọn kò tilẹ̀ tíì tú oúnjẹ wọn.

Ní Òkúdu àti Agẹmọ, omi á kún, á sì lẹ́wà, ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wíwò ni kí wọ́n fi mọ, ní ìpele àkọ́kọ́. Òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, nígbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, ṣùgbọ́n òkúta kì í gbẹ nígbà yẹn, ó ń yọ̀ bí ilá. Owewe àti Ọ̀wàrà ni òjò tún máa ń padà wá pẹ̀lú agbára. Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún Yorùbá pé kó ṣọ́ra nínú oṣù tó ń jẹ́ Ọ̀wàrà.

Ẹni tó mọ omi í wẹ̀ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì náà ní láti kíyè sí i. Omi tó ń hó lábẹ́ ibi tí ó ti ń já kún fún afẹ́fẹ́, kì í sì í gbé ara ró bíi ti púùlù. Kí wọ́n jìnnà sí ibẹ̀, kí wọ́n má sì bẹ́ sínú omi tí wọn kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Odò tó ń sáré lórí òkúta ni kòkòrò dúdú kékeré tó ń fa àrùn afọ́jú etí odò fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ọ̀sán ló ń jẹni. Ìjẹ lemọ́lemọ́ fún oṣù àti ọdún ló ń kó èèyàn sí wàhálà, nítorí náà kí àlejò ọjọ́ kan má ṣe sá lọ. Ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn ti tó. Omi tó dúró sójú kan lẹ́bàá odò ni kí wọ́n yẹra fún, torí ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé àtọ̀sí ajá.

Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n fi sílípáàsì sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Amọ̀nà ọmọ ìlú ṣe pàtàkì ju fóònù lọ, nítorí nẹ́tíwọọ̀kì lè má dé gbogbo ìpele, òun ló sì mọ ibi tí omi dé lánàá. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Nọ́ńbà 767 tí gbogbo Festac mọ̀, ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni.

Kí bọ́ọ̀sì kúrò ní Festac kó tó di aago márùn-ún ìdájí. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù, kí àwọn tó wà lókè máa sọ̀kalẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n gùn dé: inú igbó máa ń tètè ṣókùnkùn, ìsọ̀kalẹ̀ ló sì máa ń yọ̀ jù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó sì ṣì wà níwájú.