Ìgbì tó ga bí ilé alájà mẹ́jọ: bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Ó pẹ́ tí àwọn atukọ̀ ti ń sọ pé àwọn rí ìgbì kan tó dédé yọ láàrin òkun, tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà wọ́n gbọ́. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1995, tí ẹ̀rọ tó wà ní Draupner, ibi iṣẹ́ àwọn elépo láàrin Òkun Àríwá lápá Norway, wọn ìgbì kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 25.6. Ìpíndọ́gba àwọn ìgbì ńláńlá tó wà níbẹ̀ lákòókò náà kò ju nǹkan bíi mítà 12 lọ.

Kí ló fà á? Ìgbì òkun kì í rìn bákan náà. Lórí ibú, èyí tó gùn máa ń yára ju èyí tó kúrú lọ, èyí tó bá sì ga tún ń yára díẹ̀ sí i. Ìṣirò tó kó gbogbo èyí pọ̀ kò ṣe é yanjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn yóò kọ́kọ́ ṣírò bí ẹni pé ìgbì náà kéré gan-an, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa fi àtúnṣe kéékèèké kún un, bí ìyá tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń tọ́ ọ wò. Ọgbọ́n yìí ni George Stokes lò lọ́dún 1847, tó fi hàn pé orí ìgbì máa ń ṣe ṣóńṣó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àmọ́ bí àkókò bá ti ń lọ, àtúnṣe tí kò tó nǹkan lè máa gorí ara wọn, bí èlé ṣe máa ń borí ojú owó. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lo aago méjì nínú ìṣirò kan náà. Aago tó yára ń ka bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó falẹ̀ ń ka bí gíga ọ̀wọ́ ìgbì lápapọ̀ ṣe ń yí padà. Lọ́dún 1968, Vladimir Zakharov, ọmọ ilẹ̀ Soviet, fi irú ọgbọ́n yìí yọ ìṣirò kan jáde, nínú èyí tí ìgbì kan ti lè máa gba agbára lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ títí yóò fi ga ju gbogbo wọn lọ.

Àríyànjiyàn kò tíì tán o. Àwọn kan ní lójú òkun gidi, níbi tí ìgbì ti ń wá láti ọ̀nà púpọ̀, ṣe ni orí àwọn ìgbì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn, tí àtúnṣe ti Stokes sì gbé e ga sí i. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ kan ẹni tó fẹ́ kọ́ ibi iṣẹ́ bíi Draupner, nítorí òun ni yóò pinnu bí ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe ga tó lókè omi.