Olùkọ́ Tí Kì Í Kọ̀wé, Báwo Ni Yóò Ṣe Kọ́ Ọmọ Wa?

Ó lè ya yín lẹ́nu pé àwa alábẹ̀wò ẹgbẹ́, tí ẹ mọ̀ mọ́ ìwé owó àti ìṣirò, fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkọ àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó fà á.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a bẹ̀ wò, ọmọ ẹgbẹ́ kan kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá àwọn ti san owó tí ó yá tán. Àwọn oníduró rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Akápò ní ó ṣì kù. A ṣí ìwé ìpàdé. Ohun tí akọ̀wé kọ síbẹ̀ ni pé: “A jíròrò lórí ọ̀rọ̀ owó yíyá, a sì fẹnu kò.” Ta ni ó yá a? Èló ni? Kí ni wọ́n fẹnu kò sí? Kò sí níbẹ̀. Àwọn oníduró ni wọ́n san ìyókù, inú wọn kò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Akọ̀wé yìí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe púrúǹtù. Ó ka ìwé mẹ́wàá yanjú. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ láti da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ. Wọn kò kọ́ ọ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ọ̀nà àtúnṣe kò ṣòro. Èkíní, kí ọmọ kọ ohun tí ó mọ̀: bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yan gàrí, bí ọjà ṣe rí lọ́jọ́ òjò. Èkejì, kí ó fi èdè tí ó ń sọ nílé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Èyí kò fà wọ́n sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ka ohun tí ó kọ sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bi í pé: “Èló ni ó tà á? Ta ni ó bá ọ lọ?” Kí ó wá tún un kọ. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó mú bírò pupa láti tún àmì ohùn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ odò wẹ̀, kò lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1938. Olùkọ́ ni J. F. Ọdúnjọ tí ó kọ Aláwìíyé. Iṣẹ́ olùkọ́ kò dí wọn lọ́wọ́ láti kọ̀wé.

Kì í ṣe dandan kí olùkọ́ kọ ìwé ńlá. Ní 1974, ní University of California tí ó wà ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, James Gray bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn olùkọ́ jọ ní àkókò ìsinmi. Wọ́n ń kọ̀wé fúnra wọn, wọ́n ń kà á fún ara wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ́ ọmọ han ara wọn. Olùkọ́ ń kọ́ olùkọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n tọ̀?

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùkọ́: bí ẹ bá dá owó oṣù tán, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ kí ẹni méjì ka ohun tí wọ́n kọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé kan fún ọmọ tí kò ní fi da nǹkan kọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni kí ó wà níbẹ̀. Kí ẹ sì máa ní kí ó kà á fún yín.

Ọmọ tí ó ń kọ ìtàn ọjà lónìí ni yóò jókòó sí àga akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́la. Bí ó bá ti mọ̀ láti kékeré pé kí òun kọ ẹni tí ó ṣe é, iye tí ó jẹ́ àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, oníduró kankan kò ní san gbèsè tí kò dá a lójú.