Ẹyin 12 jáde, 8 ló gbó: ìdí tí IVF fi ń ka ẹyin lẹ́ẹ̀mejì

Obìnrin tó ń gba ìtọ́jú IVF, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara, ti fi abẹ́rẹ́ gún ikùn ara rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ṣe skáànì títí ó fi sú u. Wọ́n fún un lóògùn oorun, ó jí, nọ́ọ̀sì ní dókítà rí ẹyin 12 mú. Ayọ̀ dé. Kílẹ̀ tó ṣú, láàbù pè: 8 ló gbó. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti ba mẹ́rin jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ba nǹkan kan jẹ́. Nínú ẹyin 10 tí wọ́n bá mú, bíi 7 tàbí 8 ló sábà máa ń gbó.

Ara obìnrin kì í ṣe ẹyin tuntun lóṣooṣù. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ lórúkọ lónìí ti ní ẹyin mílíọ̀nù kan sí méjì nínú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sì ti kú kó tó bàlágà. Inú oyún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín kùrómósómù wọn, wọ́n wá dáwọ́ dúró láàárín ọ̀nà. Ẹyin tí obìnrin ẹni ogójì ọdún fi lóyún ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò parí yẹn láti ogójì ọdún.

Họ́mónù LH, tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti ìdí ọpọlọ, ló máa ń ní kó tẹ̀ síwájú. Bí LH bá dé, ẹyin á ti ìdajì kùrómósómù rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì bíńtín kan tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì bíńtín yìí kò wúlò fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí, àmọ́ òun ni ẹ̀rí. Ẹyin tó bá ní in ti gbó, ó ti ṣe tán de àtọ̀. Èyí tí kò ní in, àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Wákàtí mélòó ni èyí ń gbà? Ìbéèrè yìí ló dá iṣẹ́ IVF dúró fún ìgbà pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, Gregory Pincus, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ pé wákàtí 12 ló ń gba ẹyin ènìyàn. Robert Edwards, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á gbọ́. Dókítà kan, Molly Rose, ń fún un ní ègé ilé-ẹyin tí wọ́n gé lára àwọn obìnrin tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Edwards á kó ẹyin inú wọn sínú àwo, á dúró dé wákàtí 12, á wò ó, òfo. Nígbà tó yá ló pinnu pé òun á fi wọ́n sílẹ̀ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1965 ó gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet: nǹkan bíi wákàtí 36 ni. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2010 fún iṣẹ́ IVF. Lójú tèmi, sùúrù yìí nìkan ti tó fún un láti gbà á.

Wákàtí 36 yẹn náà ni ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé títí dòní. Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, tó sábà máa ń jẹ́ hCG, ló ń ṣe iṣẹ́ LH. Bí wọ́n bá ní kí obìnrin náà gún un ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àbọ̀ ni o, kì í ṣe ìgbà tí fíìmù bá parí, torí pé aago mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́rú ni yóò wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá yára jù, ẹyin kò tíì gbó, kò sì ní fẹ́ kúrò lára àpò olómi tó wà nínú rẹ̀ ní ilé-ẹyin. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, àpò á ti bẹ́, ẹyin á ti lọ.

Wọn kì í la ikùn. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ló ń gba ojú ara wọlé, skáànì ń fọ̀nà hàn án, dókítà á sì fa omi inú àpò kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹyin kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì bò ó bí òwú, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbó. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ICSI, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ti àtọ̀ kan ṣoṣo sínú ẹyin, wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ òwú yẹn kúrò. Ìgbà náà ni wọ́n tó ka ẹyin lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ da àtọ̀ sí i nínú àwo, ó di ọjọ́ kejì.

Kí ló wá dé tí mẹ́rin ò gbó? Oògùn ń mú ọ̀pọ̀ àpò dàgbà pa pọ̀, wọn kì í sì í dàgbà dọ́gba. Dókítà ń retí kí àwọn tó ṣáájú tó bíi mìlímítà 17 sí 20. Bó bá ní kóun dúró de èyí tó ṣì wà ní 10, àwọn ńlá á kọjá àkókò wọn. Nínú oṣù lásán, ẹyọ kan ni ara ń mú. Kódà ẹyọ kan péré tó gbó ni Patrick Steptoe, dókítà tó bá Edwards ṣiṣẹ́, rí mú nínú ìyá Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní Oldham ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 1978. Wọn kò fún ìyá náà lóògùn kankan láti mú ẹyin pọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti mọ ìgbà tí LH dé.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn ilé ìwòsàn tó ń fi iye ẹyin yangàn. Bí oògùn bá mú àpò pọ̀ jù, tí ilé-ẹyin fi wú jù, omi á máa jò sínú ikùn, èémí lè má já gaara, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan. Àwọn tó ní PCOS, ìyẹn àìsàn tí àpò kéékèèké fi ń pọ̀ jù nínú ilé-ẹyin, àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi ẹyin wọn gba owó ló wà nínú ewu yìí jù. Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn mìíràn wà tó ń mú kí ara tú LH tirẹ̀ jáde dípò hCG, ó sì ń dín ewu náà kù gan-an. Kí wọ́n bi dókítà léèrè nípa rẹ̀.

Láàbù lè fi mẹ́rin yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí àwọn kan gbó, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dára tó èyí tó gbó nínú ara. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹyin tí kò gbó, wọ́n á sì mú un gbó nínú àwo. Kwang-Yul Cha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kòríà ròyìn ìbímọ lọ́nà yìí ní 1991. Èsì rẹ̀ kò tíì tó ti IVF tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kò ní ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi gún abẹ́rẹ́. Wọ́n lè mú ẹyin tirẹ̀ lọ́jọ́ èyíkéyìí nínú oṣù, kí wọ́n mú un gbó ní láàbù, kí wọ́n sì dì í sínú òtútù di ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá.