Ọ̀kan Lé, Ọ̀kan Dín: Àwọn Àmì Kékeré Tó Ń Yí Iye Padà Nínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká jọ wo àwọn àmì kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú nínú iṣẹ́ Computer: ++, --, += àti -=. Àwọn kan ní wọ́n le. Wọn ò le rárá. Ẹni tó bá mọ òǹkà Yorùbá ti mọ ìdajì wọn.

Ẹ wò ó. Tá a bá fi ọ̀kan lé ogún, ó di mọ́kànlélógún. Tá a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ogún, ó di mọ́kàndínlógún. "Lé" àti "dín" yẹn náà ni ++ àti --. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bí èèyàn bá ń pe mọ́kànlélógún títí ilẹ̀ á fi ṣú, ogún ò yí padà. Àmì ++ ní tirẹ̀ máa ń yí ohun tó wà nínú àpótí padà.

Àpótí wo? Nínú kọ̀ǹpútà, variable dà bí àpótí tá a kọ orúkọ sí lára. Tí mo bá kọ

iye = 20;

mi ò sọ pé iye àti 20 dọ́gba bíi ti Maths. Àṣẹ ni mo pa: fi 20 sínú àpótí tó ń jẹ́ iye. Ìdí nìyẹn tá a fi lè kọ

iye = iye + 1;

bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ Maths máa fi bírò pupa fa igi sí i. Ohun tí à ń sọ ni pé: mú ohun tó wà nínú àpótí, fi ọ̀kan kún un, kí o dá a padà síbẹ̀. Tí mo bá kọ iye + 1 nìkan, kọ̀ǹpútà á ṣírò ó, á sì da èsì rẹ̀ nù. 20 ṣì máa wà nínú àpótí.

Irú àṣẹ yìí pọ̀ gan-an nínú program, ni wọ́n bá gé e kúrú. iye++ ń fi ọ̀kan kún un, iye-- ń yọ ọ̀kan kúrò. Tó bá ju ọ̀kan lọ, à ń lo += àti -=.

Ẹ jẹ́ ká fi alájọ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá kan ń dá àjọ 200 náírà lójúmọ́. Gbogbo ìgbà tí alájọ bá fa igi sí káàdì rẹ̀, ohun tó ń ṣe ni:

owo += 200;

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, 6000 ti wà níbẹ̀. Alájọ á wá yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀:

owo -= 200;

Ó ku 5800. *= àti /= náà wà, fún ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Ẹ kíyè sí i pé apá ọ̀tún ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ ṣírò tán. Tí x bá jẹ́ 4, x *= 2 + 3 á di 20, kì í ṣe 11.

Ó ku ibi tí ++ wà. Ká ní à ń pín nọ́ńbà fún àwọn tó tò síwájú ọ́fíìsì kan:

nonba = 0;
tire = nonba++;

Ẹni àkọ́kọ́ á gba 0, torí pé ++ wà lẹ́yìn: kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ fúnni ní iye àtijọ́ kó tó fi ọ̀kan kún àpótí. Tó bá jẹ́ ++nonba la kọ, á kọ́kọ́ fi ọ̀kan kún un, ẹni yẹn á sì gba 1. Àmọ́ tí nonba++; bá dá dúró láìsí ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ++nonba;.

Ken Thompson, tó ṣe èdè B ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló dá ++ àti -- sílẹ̀. Ara B ni Dennis Ritchie ti yọ C. Láyé ìgbà yẹn, =+ ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe +=. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá kọ x=-1, ṣé ó fẹ́ fi -1 sínú x ni àbí ó fẹ́ yọ 1 kúrò? Ní 1976 ni wọ́n yí i padà sí +=. Orúkọ C++ náà sì nìyẹn o: C tá a fi ọ̀kan lé!

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni. Ká ní a fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ka ìbò head girl, tí ẹni tó kọ program náà wá kọ

ibo =+ 1;

dípò ibo += 1. Lónìí, ohun tí C máa gbọ́ ni "fi 1 sínú ibo." Ogójì ọmọ lè dìbò fún ẹnì kan, 1 náà ni àpótí á máa sọ. Program yẹn á ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó wọlé á pàdánù nítorí àmì méjì tó gba ipò ara wọn.

Ẹ tún mọ èdè tí ẹ ń lò. QBASIC ò ní ++ tàbí +=; X = X + 1 ni ẹ máa kọ. C, C++, Java àti JavaScript ní gbogbo wọn. Python ní += àti -=, kò ní ++. Tí ẹ bá kọ ++x ní Python, kò ní bínú, kò sì ní fi nǹkan kan kún x.

Ọ̀nà tó dáa jù láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ ya àpótí sórí ìwé, kí ẹ máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí gbìyànjú:

a = 3;
b = a++;
b += a;
a--;

Kí ló wà nínú a? Kí ló wà nínú b? Ìdáhùn á wà lórí pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má wo ìwé ara yín o!