Ta Ló Rán Bọ́ọ̀lù Tí Ọmọ Yín Ń Gbá?

Ẹ yí bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń gbá lẹ́yìnkùlé yín wò dáadáa. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti Sialkot ló ti wá, ìlú kan ní agbègbè Punjab lórílẹ̀-èdè Pakísítánì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́rán tí ayé ń lò.

Awẹ́ 32 ni irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní: 20 jẹ́ onígun mẹ́fà, 12 jẹ́ onígun márùn-ún. Nítorí pé abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, àwọn alágbàṣe máa ń kó o fún àwọn ará abúlé láti rán nílé. Owó orí bọ́ọ̀lù kan kéré, ni àwọn ọmọ bá ń bá òbí wọn rán an. Àwa a máa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ní Sialkot, ọwọ́ ọmọdé tó abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ariwo rẹ̀ kárí ayé, àwọn oníṣòwò Sialkot, UNICEF àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí àdéhùn ní Atlanta, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejì ọdún 1997. Wọ́n kó iṣẹ́ náà kúrò nílé lọ sí gbọ̀ngàn, kí àwọn alábòójútó lè máa rí ẹni tó ń rán an. Àwọn ọmọdé tó ń ṣe é dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá tí àṣà kò gbà láyè láti jáde lọ ṣiṣẹ́ pàdánù owó tí wọ́n ń rí nílé.

Ẹ̀rọ tún dé. Fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, Adidas fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀: ooru ni wọ́n fi lẹ awẹ́ 14 pọ̀, ní Tàílándì. Ní 2010, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe Jabulani aláwẹ́ 8. Sialkot kò jókòó sunkún. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, Forward Sports, kọ́ ọ̀nà tuntun náà, ó sì wà lára àwọn tó ṣe Brazuca aláwẹ́ 6 fún ìdíje 2014. Obìnrin pọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù fún ọmọ, àfọwọ́rán ṣì wúlò: bí òwú rẹ̀ bá já, oníbàtà àdúgbò lè tún un rán. Èyí tí wọ́n fi ooru lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti rán irú bọ́ọ̀lù yìí rí, tí wọn kò sì ráyè gbá a.